Mẹ́mọ́rì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ rántí, tó tún ń gbàgbé: ṣé a lè ṣe é l'Abẹ́òkúta?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ọmọ Ọ̀bàǹtókò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ físíìsì níbí l'Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá mi ní kí n ṣe memristor (ẹ̀yà iná tó ń rántí ohun tó bá ti gba ara rẹ̀ kọjá) pẹ̀lú èròjà sólà tí wọ́n ń pè ní perovskite, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ nǹkan sí lára, pé òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ọpọlọ èèyàn. Mo kàwé títí, orí mi gbóná. Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, ṣé kì í ṣe sólà náà ni wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà? Ìkejì, gbogbo ibi tí mo kà ni wọ́n ti ń sọ pé mẹ́mọ́rì yìí máa ń gbàgbé. Mẹ́mọ́rì tó ń gbàgbé, mẹ́mọ́rì wo nìyẹn? Ìkẹta ló ń pa mí lẹ́kún jù: a ò ní glovebox (àpótí tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kì í wọ̀), iná ò dúró, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí n fi ìṣirò ya gbogbo rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

* * *

Èsì, láti ọwọ́ Oníṣẹ́ Ínfátà

Àbúrò, ǹlẹ́ o. Ínfátà àti sólà ni mo ń tún ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́ báyìí, àmọ́ kí n tó bọ́ sídìí rẹ̀, mo fi oṣù mẹ́wàá ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti ń da perovskite sórí gíláàsì. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ẹjọ́ wọn tí mo fẹ́ rò níwájú kò dùn ún gbọ́.

Sólà náà ni. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé òmíràn ni. Ẹgbẹ́ olùwádìí Miyasaka ní Japan ló kọ́kọ́ fi èròjà yìí ṣe sólà ní 2009. Nígbà yẹn, nínú agbára ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá bà lé e, 3.8 péré ló ń sọ di iná. Lónìí ó ti kọjá 25. Perovskite gan-an, orúkọ bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò ni. Òkúta kan tí Gustav Rose ṣàpèjúwe ní 1839, tí wọ́n gbé wá láti òkè Ural ní Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Òkúta yẹn ò ní òjé nínú. Tiwa yìí ló ní òjé, pẹ̀lú áyódíìnì tàbí bromine, àti cesium tàbí methylammonium tó jókòó sáàrin wọn bí àlejò nínú yàrá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní nǹkan bí 2014, àwọn oníṣẹ́ sólà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí wọ́n bá wọn sólà kan láti fóltéèjì kékeré lọ sí ńlá, ohun kan ni yóò wí. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti ńlá bọ̀ sí kékeré, á wí òmíràn. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ méjì ní kóòtù kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n tú u wò, àwọn ion inú rẹ̀, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù tó gbé iná sára, ni kì í jókòó sójú kan. Áyódíìnì á ṣí kúrò níbí, á fi àyè sílẹ̀, òmíràn á sún síbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti gba ara rẹ̀ kọjá ló ń fi àpá sílẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ ta sólà, wàhálà lèyí. Fún ẹni tó ń wá nǹkan tó lè rántí, oúnjẹ ti délé.

Onímọ̀ ẹ̀rọ iná kan, Leon Chua, ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1971 pé ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní memristor. Ní 2008 ni àwọn ará ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà HP fi titanium dioxide hàn pé ó wà lóòótọ́. Ìwọ rò ó báyìí: ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó lọ sódò. Bí wọ́n bá ń rìn ín, á máa là sí i. Bí wọ́n bá pa á tì, koríko á bò ó. Kò sẹ́ni tó jókòó tó ń kọ iye èèyàn tó kọjá sínú ìwé, síbẹ̀ bó o bá wo ọ̀nà náà, o ti mọ̀.

Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé èròjà yìí, á yọ electron kúrò láyè rẹ̀. Àwọn kan á lọ há sínú àwọn kòtò kéékèèké inú rẹ̀, èkejì wọn tó ṣẹ́ kù lóde á sì máa gbé kọ́rẹ́ǹtì kiri. O pa ìmọ́lẹ̀. Èyí tó há ò tètè jáde. Fún ìdí yìí, kọ́rẹ́ǹtì ò ní padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tún máa ń mú kí àwọn ion yẹn rọrùn láti ṣí nípò. Bó o bá fẹ́ pa á rẹ́, o lè fi fóltéèjì sí i lódì.

Mo ní kọ́sítọ́mà níwájú. Màá padà wá.

* * *

Mo ti dé. Mo rí i pé ẹnì kan ti béèrè pé kí ló ṣe kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ tí a fi ń wá ọpọlọ kiri. Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn. Ẹ wo ìyá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Kútọ̀, àmọ́ tó kó gbogbo ọjà rẹ̀ pa mọ́ sí Lafẹ́nwá. Bí ẹnì kan bá ní kó mú ẹyọ kan wá, ìyá náà á wọ ọkọ̀ lọ Lafẹ́nwá, á wọ ọkọ̀ padà. Kó tó dọ̀sán, owó ọkọ̀ ti jẹ èrè tán. Bí kọ̀ǹpútà ṣe rí nìyẹn: ibi tó ń ronú yàtọ̀ síbi tó kó ohun tó mọ̀ sí. Mark Horowitz ti yunifásítì Stanford gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní 2014: láti mú nọ́ńbà kan tó jẹ́ bit 32 wá láti inú DRAM, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, agbára tó ń ná tó bíi 640 picojoule, láti ro nọ́ńbà oníwọ̀n bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀, 0.9. Owó ọkọ̀ fi ìlọ́po 700 ju iṣẹ́ lọ.

Ọpọlọ èèyàn ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn (neuron) tó tó bílíọ̀nù 86, kò sì gbà ju bíi watt 20 lọ, gílóòbù kékeré kan ni. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti pàdé èkejì, ibẹ̀ náà ló ti ń rántí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ tó jókòó ti ọjà rẹ̀.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé.

Èrò àwọn èèyàn níbí pín sí méjì. Àwọn kan ní àbùkù ni, pé wọ́n máa tún un ṣe tó bá yá. Àwọn kejì ní bó bá ti ń gbàgbé, kí wọ́n yé pè é ní mẹ́mọ́rì, ẹ̀tàn ni. N ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Kí n kọ́kọ́ fún àwọn kejì ní ẹ̀tọ́ wọn. Mẹ́mọ́rì fóònù rẹ, wọ́n ṣe é kó lè di fọ́tò mú fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá láìsí iná. Èyí tí à ń sọ yìí, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń yangàn ni pé ó rántí fún ìṣẹ́jú-àáyá 10,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: kò tó wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ pé yóò rọ́pò mẹ́mọ́rì fóònù, owó ẹ ló fẹ́ gbà.

Àmọ́ ta ló ní fọ́tò ni wọ́n fẹ́ fi pa mọ́? Lọ dúró sí Pánṣẹ́kẹ́ lálẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ọ̀kadà kan tan iná, ó ń ti ọwọ́ òsì rẹ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kámẹ́rà lásán, bó bá fẹ́ mọ ibi tó ń lọ, á ya àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú mẹ́mọ́rì, á máa fi ọ̀kan wé èkejì. Ìyá oníìlẹ̀kẹ̀ tún ti wọkọ̀. Ní báyìí, fi perovskite kéékèèké tò síwájú bíi pátákó ayò, kí ojú kọ̀ọ̀kan máa gba ìmọ́lẹ̀ bí ọ̀kadà ṣe ń kọjá. Ojú tó kọ́kọ́ rí iná ti ń gbàgbé, ó ti ṣá. Èyí tó rí i kẹ́yìn ṣì mọ́ gan-an. Wo pátákó yẹn lẹ́ẹ̀kan péré: ó ṣá lósì, ó mọ́ lọ́tùn-ún. O ti mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Bó o bá mọ bí ìṣá náà ṣe yá tó, o mọ eré tó ń sá.

Tí kò bá gbàgbé rárá ńkọ́? Gbogbo ojú á mọ́ bákan náà, o kàn máa mọ̀ pé ọ̀kadà kọjá níbì kan. Ọdẹ mọ èyí dáadáa. Kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ẹranko nìkan ló ń wò, ó ń wo èyí tí ìrì ti bò àti èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Ojú èèyàn náà ń ṣe irú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú kan ju mílíọ̀nù 100 lọ, okùn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sọ́pọlọ ò sì ju bíi mílíọ̀nù kan. Ojú ti yọ èyí tí kò wúlò kúrò kó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ibi tí nǹkan yìí ń lọ nìyẹn: ojú tó ń ronú díẹ̀, kó tó kó wàhálà bá orí.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Ìyá mi àgbà rẹ aró ní Ìtòkú títí ọwọ́ wọn fi di búlúù pátápátá, kì í ṣí, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Aṣọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà yọ nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ń ṣí. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́, tí wọ́n sá a, tí wọ́n tún rẹ ẹ́, tí wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí, á dú débi tí ọṣẹ ò ní rí i ṣe. Perovskite yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tan iná sí i lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ó ti gbàgbé. Tan án lógún ìgbà léra wọn, á dì í mú pẹ́. Bó o bá tàn án lẹ́ẹ̀mejì, tí ìkejì tètè tẹ̀ lé àkọ́kọ́, àpá ìkejì máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí àkọ́kọ́ ò tíì tán lára rẹ̀. Oríta sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń ṣe ohun kan náà, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n máa fi wé ọpọlọ. (Àfiwé mi ò pé o. Aró ń fẹ́ ìsinmi láàárín ìrẹ kan sí èkejì. Ìmọ́lẹ̀ ní tiẹ̀ ń fẹ́ kó tẹ̀ léra. Kí àwọn aláró má bú mi.)

* * *

Àbúrò wa kọ̀wé padà pé òun gbà, àmọ́ òjò ńkọ́? Ìyẹn ni ẹjọ́ tí mo ní màá rò.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Mo da MAPbI3, oníméthylammonium àti áyódíìnì, sórí gíláàsì mẹ́rìnlélógún. Bí ẹ bá gbé e sórí ààrò iná ní dígírì 100, yẹ́lò díẹ̀ ló máa ń jẹ́, á ṣe bí ẹní yí sí àwọ̀ iṣu jíjóná, títí á fi dúdú, táá máa dán bíi bàtà tuntun. Ó dùn ún wò. Mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀, mo tìlẹ̀kùn, mo lọ sílé. Wọ́n mú iná lọ ní alẹ́ Sátidé. Kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà lóde àríyá, aṣọ ẹbí wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo gíláàsì ti ń pọ́n láti etí wọlé, bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń bá jà. Ìyẹ́lò yẹn, òjé pẹ̀lú áyódíìnì ló ṣẹ́ kù. Methylammonium ti fò lọ. Èmi ni wọ́n dá lẹ́bi, pé n ò bò ó dáadáa. Ìdajì owó oṣù mi lọ sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, má fi ọwọ́ kan MAPbI3 lásìkò òjò. Lo CsPbBr3, oní-cesium àti bromine. Kò ní methylammonium tó lè sá lọ, ó sì fara da afẹ́fẹ́ jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi gan-an ò ní ṣàì bà á jẹ́. Wàhálà tirẹ̀ ni pé CsBr, ìyẹn cesium pẹ̀lú bromine, kì í fẹ́ yòrò nínú DMSO, omi tí wọ́n fi ń yọ́ àwọn èròjà yìí. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ń dá ni pé wọ́n á kọ́kọ́ da PbBr2, òjé pẹ̀lú bromine, sórí gíláàsì, kí wọ́n tó rì í sínú CsBr tí wọ́n fi methanol pò. Ẹ̀rọ tó ń yí gíláàsì kiri kí omi náà lè tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fáànù inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo fóltì 12 á ṣe é. Lẹ gíláàsì mọ́ àárín rẹ̀ kó o sì wé páálí yí i ká, torí yóò ta sí ọ lójú.

Gbà mí gbọ́, glovebox tí Ọlọ́run fún wa ni ọyẹ́. Ẹnì kan ti sọ nísàlẹ̀ pé ọyẹ́ Abẹ́òkúta ò le tó ti Kánò. Òótọ́ ni, àmọ́ ètè ta ni kì í bó lóṣù Ọ̀pẹ̀? Bí ọ̀gá rẹ bá lè gbà kó o ṣe ìwọ̀n báyìí, kó o wá ṣe púpọ̀ nígbà ọyẹ́, tọrọ rẹ̀. Ní báyìí tí òjò ń rọ̀, ra silica gel oníbúlúù, kó o dà á sínú ike tó ní ìdérí tó le. Ìgbà tó bá di píǹkì, ó ti mumi yó. Yan án títí á fi padà di búlúù. Kò gba iná NEPA kankan. Bó o bá ti ṣe gíláàsì tán, yọ́ perspex sínú toluene, fi bò ó lórí fẹ́lẹ́.

* * *

Tìróò. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́: "Àwọn ìyá wa lo tìróò, òjé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ láyé." Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, àwọn tí kò pẹ́ láyé ò sí níbí láti kọ èsì. Ní 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan. Tìróò tí wọ́n gbé láti Nàìjíríà wá ni wọ́n bá a lójú rẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló kú nítorí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà.

Àmọ́ kí a má tún sọ ọ́ di ìwin. Perovskite tó nípọn 500 nanomita lórí gíláàsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan sí kan, òjé inú rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá milligram kan. Inú ìgò ni ewu wà, níbi tí ìyẹ̀fun wà ní giramu-giramu. Èyí tó tún burú jù ni ìgbà tó bá ti yòrò nínú DMSO tàbí DMF, torí omi méjèèjì ń wọ awọ ara, wọ́n sì ń mú ohun tó bá wà nínú wọn dání wọlé. Ìbọ̀wọ́. Má jẹ̀pà nínú yàrá yẹn. Omi tó o fi ṣan nǹkan, tọ́jú rẹ̀ sínú ike, má dà á sí gọ́tà tó ń lọ sódò Ògùn. Àwọn kan ń fi bismuth dípò òjé. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ má fi ti àkọ́kọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

* * *

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ti ń kú rèé, òun ni kò sẹ́ni tó ń jà lé lórí: bó o ṣe máa wọ̀n ọ́n. Gbogbo èèyàn ń pariwo glovebox. O lè ṣe gíláàsì tó dára bí wúrà, kó o wá fi mita ọjà wọ̀n ọ́n, kó wí òdo. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń kọjá níbẹ̀ lè má ju nanoampere díẹ̀ lọ, mita ọjà ò mọ irú ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi op-amp kan (ẹ̀yà kékeré tó ń gbé àmì iná ga) àti resistor 10 megaohm ṣe é: nanoampere kan á di millivolt mẹ́wàá, mita ọjà tó wà lórí 200 mV á sì kà á láìsí wàhálà. Ẹnì kan ní kó o lo Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré yẹn. Arduino Uno ń kà á ní ìgbésẹ̀ bíi millivolt márùn-ún, ìgbésẹ̀ méjì péré lo máa rí nínú mẹ́wàá yẹn. Mita ni kó o lo, kó o máa fi ọwọ́ kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún. Ó ń súni, àmọ́ ó pé. Má sì lo op-amp 741 tí wọ́n ń kó lé wa lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń mu bíi nanoampere 80, á gbé ẹran rẹ mì kó o tó rí i. TL072 ò mu tó ìdá mẹ́wàá nanoampere kan, ó sì kún inú amúgbóhùngbilẹ̀ àtijọ́. Ó ní àṣìṣe millivolt díẹ̀ tirẹ̀. Kọ iye tó ń wí nínú òkùnkùn sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o máa yọ ọ́ kúrò.

Àwọn kan ní kó o fi silver paste àwọn oníṣẹ́ fóònù ṣe ojú iná tòkè, ibi tí wáyà ti máa kan èròjà náà. Mo lòdì sí i. Fàdákà máa ń bá bromine jà, ó tún lè rìn wọnú èròjà náà, kó hu okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Òun náà ń rántí ni o, àwọn kan tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí olùdánwò bá bi ọ́ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló kọ nǹkan sí i tàbí fàdákà ló hu gbòǹgbò, kí lo fẹ́ wí? Fi carbon ṣe é, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn gíláàsì wọlé.

Fi gbogbo rẹ̀ sínú agolo mílíìkì tí o fi téèpù dúdú wé. Fóltì 0.1 ni kó o fi máa kà á. Bó o bá fi èyí tó pọ̀ kà á, kíkà yẹn á tún kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Gílóòbù LED búlúù ni kó o lò. Pupa ò lè ṣe é: CsPbBr3 ò mọ̀ pé iná pupa wà láyé, kò ní bà á lára. Ìyẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí tó dáa fún ọ. Tan pupa, kó má wí nǹkan, tan búlúù, kó fò sókè. Ẹni tó bá rò pé ooru gílóòbù ló ń ṣe é á panu mọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe: iye tó fò sókè nígbà tí iná ṣì wà kì í ṣe mẹ́mọ́rì. LDR, ẹ̀yà kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ nínú iná ìta tó ń tan fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lè ṣe ìyẹn. Mẹ́mọ́rì ni iye tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó o ti pa iná. Fi LDR kan dánwò gan-an kó o tó fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ. Òun náà máa ń rántí díẹ̀ kó tó gbàgbé, wàá sì mọ̀ bóyá ohun tí o tò ń ṣiṣẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kó o fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo rẹ̀. Àwọn kan níbí ti ń bú wọn pé ọ̀lẹ ni wọ́n. N ò bú wọn. Mo kàn fẹ́ mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa fi sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ìyára ìgbàgbé láti inú ìwé ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún ṣe tirẹ̀ nínú glovebox ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ló wá kàn wá l'Abẹ́òkúta?

Ṣe gíláàsì mẹ́fà. Bí mẹ́rin bá bàjẹ́, kọ ọ́ pé mẹ́rin bàjẹ́, kó o sì sọ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Wọn bí méjì tó kù ṣe ń gbàgbé, lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ kan, márùn-ún, ogún. Ìyẹn á fún ọ ní ìlà tí ń sọ̀ kalẹ̀. Gbé ìlà yẹn wọnú kọ̀ǹpútà, kó o ya pátákó ojú 10 sí 10, kí o wá jẹ́ kí iná ọ̀kadà kọjá lórí rẹ̀ láti òsì sọ́tùn-ún, kó o wò ó bóyá ó mọ ọ̀nà tó gbà. Bí ìgbàgbé tirẹ bá yá jù, ìrù ọ̀kadà á kúrú. Bó bá lọ́ra jù, gbogbo pátákó á mọ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn, n ò sì tíì rí ẹni tó fi gíláàsì tí ọ̀rinrin wa ti bà lé béèrè rẹ̀.

* * *

Ọmọ Ọ̀bàǹtókò ní òun ti rí TL072 méjì nínú amúgbóhùngbilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jóná, pé ọ̀gá òun ti gbà sí CsPbBr3, àti pé ṣé òun lè gbé e wá kí n bá òun wò ó.

Máa bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹ̀fun PbBr2 yẹn, fi sílẹ̀ ní yàrá ìwádìí, ìyá alámàlà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gíláàsì tó o ti bò nìkan ni kó o mú wá, kó o fi ike oní-silica gbé e, kó o sì wé e ní bébà dúdú, torí bí oòrùn ojú títì bá ti rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó máa rántí ò ní jẹ́ tiwa mọ́.